Ṣé Sultan Lẹ Ní Lọ́kàn?

Ní Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó,
ẹni tó bá bèèrè Ṣóẹ̀tán tó ń rọ ẹ̀rọ gàrí,
ọmọdé tó ń kiri ẹ̀pà ló máa mú un délé,
kò ní gba kọ́bọ̀.
Ọlọ́kadà ò ní bi í pé Ṣóẹ̀tán wo.
Ariwo òòlù ni àdírẹ́sì wa.

Ṣùgbọ́n fóònù ò gbọ́ òòlù.
O tẹ Ṣóẹ̀tán sí i,
ó kọ́kọ́ ṣí àmì orí rẹ̀ kúrò, bí ẹni ṣí fìlà lórí àgbà,
ó tún yọ ti abẹ́ rẹ̀,
ó wá rọra béèrè, bí akọ̀wé báǹkì:
Ṣé Sultan lẹ ní lọ́kàn?
Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì.
Ó ti gbé ọ lọ.

Sultan ń ta kápẹ́ẹ̀tì, ó ń ta lọ́fíńdà,
ó ń ta ẹ̀rọ kéékèèké inú páálí aláwọ̀ góòlù.
N ò bá Sultan jà. Kò mọ̀ wá.
Ilé rẹ̀ ni wọ́n kàn ń já àlejò wa sí.

Mọ́rẹ̀nikéjì ará Ìkirè, opó tó ń yan gàrí,
fi owó àjọ oṣù mẹ́jọ ránṣẹ́.
Ẹ̀rọ tó lè rin àpò pákí mẹ́wàá kí oòrùn tó kàtàrí,
èyí tí àbúrò rẹ̀ ní Ṣóẹ̀tán ń rọ,
ló rò pé òun rà.
Ọjọ́ kẹfà, páálí dé.
Ẹ̀rọ ìlọta ni, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ,
abẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé,
ata rodo mẹ́rin péré, ó ti ń rùn bíi wáyà tó jó.

Ó gbé e wá bá wa nínú ọ̀rá dúdú.
Bàbá mi ṣí ìgò tó fi ń jó irin sókè orí,
ó yí nǹkan náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
bí ẹni wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún pé kó sọ ọ́ lórúkọ.
"Èyí kì í ṣe tèmi," ó ní.
Obìnrin náà ní, "Mo mọ̀, sà. Orúkọ yín ni mo tẹ̀."
Kò sẹ́ni tó fọhùn mọ́.
Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ni mo dá a lábàá:
"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ Sultan sí ìsàlẹ̀ pátákó,
lẹ́tà kékeré, ká lè rí àwọn tó ṣìnà mú."
Ó wò mí títí.
"Ṣé o mọ iṣẹ́ tí ẹ̀ àárín orúkọ yẹn ń ṣe?
'Kò' ni, lẹ́nu àwọn baba wa.
Oṣó kò tán.
Baba bàbá mi rọ ọkọ́ títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ó ní kò tán.
Tí o bá yọ 'kò', kí ló kù?"

Ó yá fóònù mi láàárọ̀.
Ìka tí iná ti jó létí, tí kì í bà síbi tó fojú sí,
ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi wá Ṣ.
Ẹ̀rọ bi í. Ó mirí.
Ó tẹ ìlà tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀,
èyí tẹ́nikẹ́ni kì í kà:
Rárá, ohun tí mo kọ ni mò ń wá.
Ó pe àwọn ọmọṣẹ́, méje ni wọ́n, Odùbẹ́là ló kéré jù.
Kí wọ́n tó tanná síṣẹ́ lójoojúmọ́,
kálukú á kọ Ṣóẹ̀tán, á kọ̀ Sultan.
"Ọmọ tí ò tíì gbọ́n ni," ó ní. "Ẹ máa tún un pè fún un."

Oṣù méjì kọjá. Mọ́rẹ̀nikéjì ti gba ẹ̀rọ tirẹ̀,
ó ń san án díẹ̀díẹ̀.
Àná ni Odùbẹ́là pariwo lábẹ́ igi máńgòrò.
A sáré lọ wò ó.
Sultan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tuntun ni:
Ṣé Ṣóẹ̀tán ẹlẹ́ran, Ṣàgámù, lẹ ní lọ́kàn?
Inú bí mi.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó mú òòlù rẹ̀.
"Ìyẹn sàn," ó ní. "Ìyẹn á jẹ́ ìbátan."